Àfojúsùn Iṣẹ́ àti Olùkọ́ni Tó ń Padà Wá

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló délẹ̀ lónìí. Ó kan akọ̀wé tó jókòó ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dòóre ní Awo, ó kan nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ó kan ọmọbìnrin tó ń gbowó nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ẹdẹ, ó sì kan ọ̀gá gbogbo wọn. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀gá máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ bá sílẹ̀. Lọ́dọọdún náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe olùkọ́ni láti ìlú ńlá. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á pín ìwé àti báírò, wọ́n á jẹ ìrẹsì ọ̀sán, wọ́n á ya fọ́tò, kálukú á sì gba sátífíkéètì. Tó bá di ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ á tún máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Owó ti lọ, ọjọ́ ti lọ, akọ̀wé ṣì ń wá fáìlì fún wákàtí méjì. Kí ló ń fà á? Ìbéèrè yẹn ni ètò òní fẹ́ tú dé ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìdí gẹdú ló dára kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ará Ọ̀ṣun tí kò mọ ọkọ̀ agbégẹdú, pàápàá ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Iléṣà kọjá rí. Ìṣòro tiwa ni pé ọkọ̀ máa ń rù ju agbára rẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìṣòro ilé iṣẹ́ agégẹdú kan yàtọ̀ sí èyí: ẹrù wọn kì í kún. Òfin gba ìwọ̀n kan láàyè fún ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n náà ni wọ́n ń gbé. Àyè òfìfo tó kù, epo ló ń jẹ, owó awakọ̀ ló ń jẹ. Àwọn ọ̀gá ti sọ títí pé kí wọ́n gbìyànjú sí i. Àwọn awakọ̀ náà ní àwọn ń gbìyànjú.

Gary Latham àti J. James Baldes, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ló dá sí i. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ yé sọ pé "ẹ gbìyànjú," kí ó dá nọ́ńbà kan: 94 nínú 100. Wọ́n ṣàlàyé fún àwọn awakọ̀ pé kò sí owó kankan lórí rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá débẹ̀ kò ní jìyà. Oṣù kìíní, ẹrù gòkè dé nǹkan bí 80. Oṣù kejì, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 70. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn awakọ̀ léèrè, ó hàn pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ilé iṣẹ́ kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò jìyà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ẹrù ti kọjá 90, kò sì wálẹ̀ mọ́ ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi ń wò ó. Ọdún 1975 ni wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde. Ilé iṣẹ́ náà ṣírò owó tí ì bá ná lórí ríra ọkọ̀ kún ọkọ̀ kó tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀: ó tó ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù dọ́là, 250,000.

Ẹ wo oṣù kejì yẹn dáadáa, torí òun ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà. Kí òṣìṣẹ́ tó gba àfojúsùn gbọ́, ó máa ń kọ́kọ́ dán ẹni tó gbé e kalẹ̀ wò. Tí ọ̀gá bá já sí òpùrọ́ lóṣù kejì, kò sí nọ́ńbà tó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lóṣù kẹta.

Ṣáájú ìwádìí gẹdú yìí, ní ọdún 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Edwin Locke ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí a bá dá ìwọ̀n pàtó fún, tí ìwọ̀n náà sì le díẹ̀, máa ń yọrí ju èyí tí a kàn ní kí ènìyàn ṣe é bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Òun àti Latham ló jọ ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 1981, George Doran, tó ti fìgbà kan bójú tó ètò ọjọ́ iwájú ní ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ní ìlú Spokane, kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan tó fún àwọn ọ̀gá ní àmì márùn-ún tí wọ́n lè fi mọ àfojúsùn tó mọ́yán lórí. Kò sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Nàìjíríà lónìí tí wọn kì í ti í ka àmì márùn-ún náà bí ọmọ iléèwé tó ń ka ABD. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kan nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kà báyìí ni pé kí ohun náà jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè tẹ̀. Bí Doran ṣe kọ ọ́ ni pé kí a lè tọ́ka sí ẹni tí yóò ṣe é.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ lọ wo pátákó ìkéde ilé iṣẹ́ èyíkéyìí: "A ó mú owó tó ń wọlé pọ̀ sí i." "A ó mú ìmọ́tótó gbèrú." Àwọn wo ni "a"? Ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ọjà, ta ni yóò kó o, ọjọ́ wo ni yóò kó o, ta ni yóò lọ wò ó bóyá ó ti kó o? Àfojúsùn tí kò bá ní orúkọ ẹnì kan lára, iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni, iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í sì í ní ẹni tó ń ṣe é. Doran fúnra rẹ̀ tún kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àfojúsùn ni yóò ní àmì márààrún pé, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn náà ti sọnù sọ́nà.

Níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa ní ilẹ̀ wa, ẹ̀mí ènìyàn ló wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ilé ìwòsàn kan ní Obalende ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní í jáde kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fúngun mọ́ ọn kí ó fi í sílẹ̀. Kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn ló gba Èkó là. Àrùn náà ran òun fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Àfojúsùn tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà ṣe kedere débi pé ọmọdé lè tún un sọ: ẹnikẹ́ni tó bá ti fara kan aláìsàn, kí a wá a rí, kí a sì lọ wò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Wọn kò sọ pé kí á dẹ́kun Ebola. Àwọn ènìyàn bí 894 ni orúkọ wọn wọ ìwé, ní Èkó àti ní Port Harcourt. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé àwọn ènìyàn yìí ní nǹkan bí ìgbà 18,500, lójúkojú, pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara. Wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bi ènìyàn léèrè láìdẹ́rù bà á, bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn, àti ẹni tí wọ́n máa pè lójú ẹsẹ̀ bí ara ẹnì kan bá gbóná. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó darí rẹ̀ wá láti ibi ètò tó ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka ilé kọ̀ọ̀kan àti ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ogún ènìyàn ló mú, mẹ́jọ ló kú. Ẹni tó bá rántí iye ènìyàn tó wà ní Èkó yóò mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ńlá ni.

Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé olùṣèbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àwọn tí yóò bẹ̀ wò lọ́wọ́ láàárọ̀, ó sì mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bóyá òun ti bẹ̀ wọ́n wò. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Kò sí ohun tó lè ṣe sí Ebola tó wà ní Làìbéríà, ṣùgbọ́n ó lè kan ilẹ̀kùn tó wà níwájú rẹ̀.

Nọ́ńbà nìkan, láìsí irú àgbékalẹ̀ bẹ́ẹ̀, lè ba iṣẹ́ jẹ́ pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, báńkì Wells Fargo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sapá kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní oríṣi àkáǹtì àti káàdì mẹ́jọ lọ́dọ̀ wọn. Oníbàárà wo ló nílò mẹ́jọ? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè lé àwọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì lórúkọ oníbàárà láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ìjọba bu ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báńkì náà, báńkì fúnra rẹ̀ sì ti lé òṣìṣẹ́ bí 5,300 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà pé. Òótọ́ ni kò sí nínú rẹ̀.

Nàìjíríà náà mọ adùn àti ìkorò rẹ̀. Ní ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù méjì náírà kó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, 25 ló ṣẹ́ kù. Ìdíje tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó kù le. Orí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ọjà fún báńkì, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní mákẹ́tà, ló ti bọ́ sí. Wọ́n á ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú lọ wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù wá. Láti ọ̀dọ̀ ta ni? Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni tágẹ́ẹ̀tì yẹn tì sí ọwọ́ àwọn olówó tí kò ní ọ̀wọ̀ fún wọn, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ títí. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé àfojúsùn kalẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni ẹni tí mo gbé e lé lọ́wọ́ yóò ṣe láàárọ̀ ọ̀la láti débẹ̀? Tí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹrù ló gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ibẹ̀ ni olùkọ́ni ti wọlé.

Ní ọdún 1940, ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà sì rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ òun yóò nílò àìmọye ọwọ́ tuntun. Àgbẹ̀, ìyàwó ilé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni yóò wá máa ṣe ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú. Ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Training Within Industry. Ètò náà kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní tààrà, àwọn fọ́máànù wọn ló kọ́: bí wọ́n ṣe máa kọ́ni. Wákàtí mẹ́wàá péré ni, wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá nínú kíláàsì kan. Kí ogun tó parí ní 1945, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀.

Bí olùkọ́ni ètò yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ dára púpọ̀. Yóò mú wáyà iná, yóò pe ẹnì kan jáde, yóò fẹnu ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta kókó kan tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń ta sí wáyà kó má baà fà yọ. Yóò ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfọwọ́ kan wáyà. Yóò wá ní kí onítọ̀hún ta á. Kò ní lè ta á. Yóò pe ẹlòmíràn, yóò ta kókó náà lójú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, yóò ní kí òun náà ta á. Òun náà kò ní lè ta á. Nígbà yẹn ni yóò wá fi bó ṣe yẹ hàn: kí ara akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ balẹ̀, kí a sì bi í ní ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí a ṣe é lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ká máa sọ ibi tó gba ìṣọ́ra, kí òun náà ṣe é, kó sì máa sọ ìdí tó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí a fi í sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, kí a fi ẹni tó lè bi léèrè hàn án, ká sì máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀, lemọ́lemọ́ lákọ̀ọ́kọ́, títí kò fi ní nílò wa mọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí òṣìṣẹ́ kò bá tíì mọ iṣẹ́, olùkọ́ ni kò tíì kọ́ ọ. Lẹ́yìn ogun, Japan gba ètò náà, ilé iṣẹ́ Toyota sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àṣà.

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rí ohun tó mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, ojú rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tó bá sì gba fíríìdọ̀ọ̀mù, gbogbo àdúgbò ló máa ń jẹ́rìí. Ìyẹn dára, ó sì yẹ ká di í mú. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Àwọn ọ̀gá kan máa ń fi kókó iṣẹ́ pamọ́ di ọdún tó kẹ́yìn, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ iṣẹ́ yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìkọjá títì. Ọmọ á lo ọdún kan lórí gbígbálẹ̀ àti ríra oúnjẹ wá. Ìfipamọ́ yìí kan náà wà ní ọ́fíìsì: ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe owó oṣù lórí kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ni gidi kì í fi nǹkan pamọ́. Ìwà àkọ́kọ́ tó yẹ kí ilé iṣẹ́ wá lára rẹ̀ nìyẹn, ṣáájú sùúrù, ṣáájú ọ̀rọ̀ dídùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo olùkọ́ni kan tí kò jìnnà sí wa. Òṣogbo ló ti ṣiṣẹ́, ìlú náà sì súnmọ́ Awo. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré tíátà, àti Ulli Beier, onímọ̀ àṣà, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Denis Williams, ayàwòrán láti Guyana, ló kọ́kọ́ wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà. Nígbà tó di ọdún 1964, Georgina Beier, ayàwòrán lòun náà, ló kọ́ wọn. Àwọn wo ló kọ́? Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Muraina Oyelami, ọmọ Ìràgbìjí, ti ṣiṣẹ́ nílé epo rí. Twins Seven-Seven jẹ́ oníjó tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń ta oògùn kiri. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kàwé lórí iṣẹ́ ọnà.

Ọjọ́ díẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, a kì bá tí gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Georgina kò fi bí òun ṣe ń yàwòrán lélẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún wọn ní àyè, ọ̀dà àti bébà, ó wá dúró ń wo ibi tí ọwọ́ kálukú fẹ́ gbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fífín nǹkan sára irin ju ọ̀dà lọ, ó jẹ́ kó lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Seven-Seven ṣe rí ọ̀nà tirẹ̀. Òṣogbo ni obìnrin náà sì ń gbé. Lẹ́yìn tí kíláàsì ti tú ká, àwọn tó ṣe dáadáa ṣì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ó ń wò ó, ó ń sọ ohun tó rí. Buraimoh di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Oyelami di ayàwòrán àti onílù tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, ó sì di Ẹ̀ẹ̀sà ìlú rẹ̀. Seven-Seven, kí ó tó kú ní 2011, ti di ẹni tí àjọ UNESCO fi oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà dá lọ́lá ní 2005.

Wíwà nítòsí lẹ́yìn ẹ̀kọ́, òun gan-an ni ètò yìí ń sọ. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ni ló lè kó wá sí Awo láti máa gbé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lè padà wá. Ní ọdún 1959, ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Kirkpatrick kọ ọ́ pé ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ ká bi nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí: ṣé ó wu àwọn tó wá? Ṣé wọ́n kọ́ nǹkan kan? Ṣé wọ́n ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́? Kí ni ó yí padà nílé iṣẹ́? Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń pín fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń béèrè. Ìrẹsì dùn, ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́, olùkọ́ni pa wá lẹ́rìn-ín, a fún un ní máàkì márùn-ún nínú márùn-ún. Ìbéèrè kẹta kò ṣeé dáhùn nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá síbi tábìlì akọ̀wé lẹ́yìn oṣù méjì, kó ní kó bá òun wá fáìlì kan, kó sì wo aago.

Olùkọ́ni tó mọ̀ pé òun ń padà bọ̀ kì í kọ́ni bí ẹni tó ń bá tirẹ̀ lọ. Kí ó tó wá rárá, yóò ti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ bá lọ́dún yẹn, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Yóò ti lọ jókòó ti nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan kó tó lanu sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé aláìsàn. Yóò sì sọ èdè tí àwọn ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká ètò yìí lára gan-an. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, ọ̀pọ̀ agbowó ọjà, ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú ló wà ní agbègbè wa tí Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú, tí wọ́n fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tí a bá kó wọn sínú gbọ̀ngàn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò ní béèrè ohunkóhun, olùkọ́ni yóò sì rò pé wọ́n ti gbọ́.

Owó kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù, torí Nàìjíríà ti ṣètò owó náà tipẹ́. Òfin 47 ti ọdún 1971 ló dá ITF, àjọ tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, sílẹ̀, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Jos. Ilé iṣẹ́ tó bá tóbi tó bí òfin ṣe là á kalẹ̀ gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó san lọ́dún fún àjọ náà. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011 gbà pé ilé iṣẹ́ tó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lè gba tó ìdajì nínú owó tó san padà. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ti dá iléèwé ASCON tó wà ní Badagry sílẹ̀ láti 1973, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ náà sì ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé nínú ìwé owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a máa ń rí owó gbọ̀ngàn, owó oúnjẹ, owó báàgì, owó olùkọ́ni. A kì í rí owó ọkọ̀ tí yóò gbé olùkọ́ni padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Tó bá di dandan kí a gé ọ̀kan kúrò, báàgì ni kí wọ́n gé.

Ilé iṣẹ́ tí kò lówó púpọ̀ náà ní ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Iléèwé gíga pọ̀ ní Ẹdẹ: Pólì ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1992, Yunifásítì Adeleke láti 2011, Yunifásítì Redeemer's náà sì ti kó wá. Ní 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́ láti lọ mọ bí ayé ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní áítí. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé lẹ́tà kiri ọ́fíìsì, ilé ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn ní agbègbè wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n bá ti gbà wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wọn ni kí wọ́n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì, kí wọ́n lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n máa lọ, wọ́n á jókòó kọ ìwé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ọ̀gá á fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ ẹni tó lè kọ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè fi ọmọ áítí kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n. Kí ó fi ọmọ náà lé òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ lè dá ṣe kó tó lọ: bóyá kí ó ṣe àkáǹtì ọjọ́ kan kó sì bá owó tó wà nínú àpótí mu, bóyá kí ó tú ẹ̀rọ tó ń fa omi kí ó sì tò ó padà kó ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa ṣe é sí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá kọjá lọ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìpariwo, láìkọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Tí ọmọ náà bá ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n dá, láìsí ẹni tó dúró tì í, kí ọ̀gá kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó kọ́ ọ sílẹ̀. Òun ni kó kọ́kọ́ fún ní kíláàsì kó tó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.